Wicket, Ọ̀pá Ìwọ̀n àti Téèpù: Èwo Ló Ń Sọ Òótọ́ Nípa Gíga Ajá Beagle?

Bí ẹ bá fẹ́ mú ajá Beagle, ajá ọdẹ kékeré tó ń lé ehoro, lọ síbi ìdíje ní Amẹ́ríkà, tí owó tó wà lọ́wọ́ yín kò ju ti irinṣẹ́ kan ṣoṣo lọ, wicket, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń gbé kọjá lórí ẹ̀yìn ajá, ni kí ẹ rà. Bó bá jẹ́ ọmọ ajá lẹ ń tọ́, tí ẹ fẹ́ mọ ibi tí gíga rẹ̀ ń lọ, ọ̀pá ìwọ̀n tó ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì lára ló máa wúlò jù. Téèpù aṣọ, ẹ dá a padà fún télọ̀. Ìdáhùn kúkúrú nìyẹn. Èyí tó gùn ni pé kò sí ìkankan nínú àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí tó lè ṣini lọ́nà tó ilẹ̀ tí kò tẹ́jú àti ajá tí kò mọ̀ ọ́n dúró, àwọn tó ń tà wọ́n kì í sì í sọ ìyẹn fún yín.

Ohun tó dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀ ni ìlà méjì tí American Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin ìdíje ajá ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ènìyàn ń pè ní AKC, fà. Ẹgbẹ́ kìíní ni àwọn Beagle tí kò ga ju ínṣì 13 lọ. Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn tó ju ínṣì 13 lọ ṣùgbọ́n tí wọn kò kọjá 15. Èyí tó bá kọjá ínṣì 15, ilé ló ń lọ. Kò sí "ẹ jọ̀ọ́, kékeré ló fi lé" níbẹ̀. Ti Whippet, oríṣi ajá mìíràn, sàn díẹ̀, torí wọ́n ṣì fún un ní ìdajì ínṣì lókè àti nísàlẹ̀ ìwọ̀n tí òfin kọ kí wọ́n tó lé e. Beagle kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí a bá yí i sí sẹ̀ǹtímítà, ínṣì 13 jẹ́ 33.02, ínṣì 15 sì jẹ́ 38.1. Ajá tó bá fi mìlímítà kan ṣoṣo kọjá 33.02 ti bọ́ sí ẹgbẹ́ ńlá nìyẹn, níbi tí yóò ti máa bá àwọn tó fi nǹkan bí ínṣì méjì ga jù ú lọ lé ehoro.

Ìpínsọ́nà yìí ti pẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje lílé ehoro àkọ́kọ́ fún Beagle ní Hyannis, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lọ́dún 1890, wọ́n ti pín àwọn ajá sí méjì báyìí. Níbi ìdíje ajá Westminster ní New York, Beagle méjì tó gba ipò kìíní láàárín gbogbo ajá, Uno lọ́dún 2008 àti Miss P lọ́dún 2015, inú ẹgbẹ́ ínṣì 15 ni àwọn méjèèjì ti wá.

Kí ẹni tó fẹ́ ra ajá láti Gẹ̀ẹ́sì wá sí Amẹ́ríkà yáa la ojú rẹ̀ dáadáa. Ní Gẹ̀ẹ́sì, sẹ̀ǹtímítà 33 sí 40 ni wọ́n fẹ́ kí Beagle ga, wọn kò sì pín in sí méjì. Ajá tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 39 kò ní ẹ̀sùn kankan lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ínṣì 15.35 nìyẹn, AKC á sì lé e. Lódì kejì, èyí tó jẹ́ ínṣì 13 gan-an, tí ó jẹ́ òkè téńté ẹgbẹ́ kékeré ní Amẹ́ríkà, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọdẹ ilé wa tó ń sin ajá kì í bi í léèrè gíga. Imú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, àti bóyá ó ń gbọ́ fèrè, ni wọ́n ń wò. Níbi tí à ń sọ yìí, irin ni ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ kí imú ajá tó sọ tirẹ̀.

Wicket: 8 nínú 10

Ẹ rò ó bí òpó gólù kékeré: irin ìdábùú kan lókè, ẹsẹ̀ méjì nísàlẹ̀. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọn kò lè yí, tí wọ́n ti wẹ́dì pa sórí ínṣì 13 tàbí 15. Àti èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọlé-jáde nínú páìpù, tí ó ní àmì ìwọ̀n lára, tí wọ́n ń fi síkírù ọlọ́wọ́ dè. Wọ́n á gbé e kọjá sórí ẹ̀yìn ajá, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ibi tó ga jù ní èjìká. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá kan ilẹ̀, ajá wọlé. Bí irin ìdábùú bá jókòó lé ajá lórí, tí ẹsẹ̀ sì ń fì lófuurufú, ajá ti ga jù. Ó parí.

Ohun tó mú wa fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wicket ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni ìdáhùn rẹ̀. Kò sí pé adájọ́ ń ka nọ́ńbà lójú ìwòye, kò sí pé ẹni tó mú ajá ní láti ga ọrùn kó lè rí ohun tí wọ́n kà. Gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ ló ń rí ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín ẹsẹ̀ irin àti ilẹ̀, bí ó bá wà. Lórí táìsì, ẹ tún máa gbọ́ ọ: ẹsẹ̀ tó bá balẹ̀ á dún "kó". Bó bá jẹ́ ìró kan lẹ gbọ́ dípò méjì, ẹsẹ̀ kan ló kan ilẹ̀. Ẹni tí kò dá a lójú lè fa pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí pépà bá kọjá láìha, ẹsẹ̀ yẹn kò tíì balẹ̀.

Àléébù rẹ̀ náà kò jìnnà síbẹ̀. Ajá tó fi mìlímítà kan wọlé àti èyí tó fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta wọlé, bákan náà ni wicket ń wò wọ́n. Ẹni tó ní ọmọ ajá olóṣù méje tó wọlé lábẹ́ ínṣì 13 lónìí kò lè fi wicket mọ̀ bóyá yóò ṣì wọlé lóṣù tó ń bọ̀.

Ibi tí wicket olówó pọ́ọ́kú ti máa ń kùnà ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń yí ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹnìkan lè dè ọ̀kan sórí ínṣì 15, kí èkejì wà lórí 15 àti 1/16, irin ìdábùú á sì dagun. Èyí tó dára jù ni èyí tí wọ́n lu ihò sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní 13 àti 15 gan-an, tí wọ́n ń ki ìṣó kékeré bọ̀ ọ́. Ẹ tún wo síkírù ọlọ́wọ́ náà: bó bá jẹ́ lára páìpù roboto ló ń fún mọ́, bí ajá bá fi ìhà gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó lè yọ̀. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin tí síkírù sì jókòó sójú pẹlẹbẹ ló ń dúró. Àmì ìwọ̀n tí wọ́n gbẹ́ sára irin ni kí ẹ gbà, ẹ má gba ti onílẹ́ẹ̀bù. Lẹ́ẹ̀bù máa ń yọ̀ kúrò níbi tó wà bí ó bá rí òjò àti oòrùn, irin á sì máa parọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Rọ́bà tó wà nídìí ẹsẹ̀ jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ kì í bojú wò. Ó máa ń jẹ. Bí mìlímítà 2 bá jẹ kúrò nídìí ẹsẹ̀ méjèèjì, irin ìdábùú ti fi mìlímítà 2 sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn, ajá tó yẹ kó wọlé á sì di ẹni ìta. Bó bá sì jẹ́ pé rọ́bà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló bọ́ sọnù, ẹ̀gbẹ́ kan nìkan ló máa lọ sílẹ̀.

Bí ẹ bá rà á dé, ẹ má gba àmì ara rẹ̀ gbọ́ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé e sórí gíláàsì tàbí táìsì tó tẹ́jú, kí ẹ wọn àlàfo láti ilẹ̀ dé ABẸ́ irin ìdábùú. Abẹ́ la wí, kì í ṣe òkè. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ: ẹni tó wọ̀n dé òkè irin tó nípọn mìlímítà 6, tó sì rí ínṣì 15, ìwọ̀n ínṣì 14 àti díẹ̀ lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ní lọ́wọ́, á sì máa dá ajá ara rẹ̀ lẹ́bi lásán. Ohun kejì, téèpù onírin àwọn káfíńtà ní ìkọ́ kan lẹ́nu tó ń mì síwá sẹ́yìn. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kó lè fi nípọn ìkọ́ náà kún un tàbí kó yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n bí ìṣó tó mú un bá ti jẹ, ìmìtìtì náà á kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ lo rúlà onírin. Bí kò bá sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì ínṣì 1 lórí téèpù, kí ẹ wá yọ 1 kúrò nínú ohun tí ẹ bá kà.

Bí wicket bá yẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí èyí tó wà lórí ínṣì 15 bá yẹ̀ ní dígírì 5, irin ìdábùú á sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 1.5. Bó bá jẹ́ dígírì 10, yóò sún mọ́ mìlímítà 6. Ẹ kíyè sí ibi tí àṣìṣe náà ń lọ: wicket tó yẹ̀ kì í mú kí ajá kúrú, ńṣe ló ń mú kó dà bíi pé ó ga. Nítorí náà, bí ajá yín bá jáde nígbà tí irin ń yẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e dúró ṣánṣán kí wọ́n tó kọ nǹkan sílẹ̀.

Ọ̀pá ìwọ̀n: 6 nínú 10, ṣùgbọ́n 9 fún ẹni tó ń tọ́ ọmọ ajá

Ọ̀pá kan tó dúró, apá kan tó ń gùn sókè sódò lára rẹ̀. Apá náà ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká ajá, wọ́n á sì ka nọ́ńbà lára ọ̀pá. Èyí ń fún yín ní iye gan-an, mìlímítà sí mìlímítà, ohun tí wicket kò lè ṣe láéláé.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tí ó ti ń dani. Apá yẹn ń jáde lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó kan ajá. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 10 ló jáde. Bí ọ̀pá bá yẹ̀ ní dígírì 2 péré, èyí tí ojú kò lè tètè rí, orí apá á lọ sókè tàbí sódò ní mìlímítà 3.5. Ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì lọ. Ní dígírì 5, ó sún mọ́ mìlímítà 9. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé ọ̀nà méjèèjì ni àṣìṣe náà ń gbà: bí orí ọ̀pá bá tẹ̀ sọ́dọ̀ ajá, ajá á ga sí i, bó bá tẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ajá, ajá á kúrú. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n tí olówó ajá fúnra rẹ̀ fi ọ̀pá wọ̀n nílé kì í fi í ní iyì lójú ẹni tó fẹ́ ra ajá.

Lẹ́fẹ́ẹ̀lì ni ìwòsàn rẹ̀. Kí ó wà lórí apá, kì í ṣe lórí ọ̀pá nìkan, nítorí apá tí ìdè rẹ̀ ti tú lè tẹ orí ba nígbà tí ọ̀pá fúnra rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán. Ẹ fọwọ́ gbé orí apá náà sókè díẹ̀ ní ìsọ̀ kí ẹ tó rà á. Bó bá mì ju mìlímítà kan lọ, ẹ fi sílẹ̀. Ìdí ọ̀pá gbọ́dọ̀ fẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó máa ń wọlẹ̀ lórí koríko, gbogbo ohun tó bá sì wọlẹ̀ nínú ọ̀pá, gíga ajá la máa fi kún.

Fún ọmọ ajá, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ méjì méjì láti ìgbà tó bá ti pé oṣù mẹ́rin, lórí táìsì kan náà, ní àkókò kan náà lójúmọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́ta, kí ẹ sì mú èyí tó wà láàárín, ẹ má ṣe mú èyí tó wù yín. Ká ní ẹ rí 32.4, 32.9 àti 32.5: 32.5 lẹ máa kọ sílẹ̀. Ẹ ó rí i pé gígùn rẹ̀ ń yára lọ, lẹ́yìn náà yóò máa rọra, títí tí yóò fi dúró nígbà tó bá sún mọ́ ọdún kan. Ẹni tó bá ní àkọsílẹ̀ yìí lọ́wọ́ kò ní san owó ìdíje ẹgbẹ́ kékeré fún ajá tó ti ń lọ sí ẹgbẹ́ ńlá. Ẹ má sì fi ebi pa ọmọ ajá kó má baà ga. Eegun rẹ̀ ni ẹ ó bà jẹ́.

Téèpù aṣọ: 1 nínú 10

Téèpù kì í tọ ọ̀nà tààrà. Ó ń bá èjìká yí. Bí ikùn èjìká bá ti téèpù síta ní sẹ̀ǹtímítà 3 láàárín, gígùn tí ẹ máa kà á fi nǹkan bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà kọjá gíga ajá gan-an. Àwọn tó ń ta ọmọ ajá lórí íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi láti fi sọ bí bàbá ajá ṣe ga tó. Nọ́ńbà kan tí a fún un, nítorí pé ó wúlò fún wíwọn àyà ni.

Ilẹ̀

A ò lè dá máàkì fún ilẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń ba iṣẹ́ gbogbo jẹ́. Koríko ni ọ̀tá àkọ́kọ́: ẹsẹ̀ wicket á pòórá sínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè búra pé ó kan erùpẹ̀ tàbí kò kàn án. Kápẹ́ẹ̀tì ni ìkejì: àtẹ́lẹsẹ̀ ajá àti ẹsẹ̀ irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ kì í rì bákan náà. Kọnkéré tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ ha nígbà tó ṣì tutù, kó má baà máa yọ̀, ní ìlà-ìlà lójú. Páálí pílíwúùdù tó nípọn díẹ̀, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, tó sì gùn ní mẹ́ta, ló dára jù láti gbé lọ sí pápá. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì bírìkìlà yẹ̀ ẹ́ wò ní gígùn, ní ìbú, àti láti igun dé igun, kí ẹ sì ki pákó pẹlẹbẹ bọ abẹ́ ibi tó bá rẹlẹ̀. Bí pátákó bá gbẹ tó sì ká lókè bí abọ́, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀; ẹ wá òmíràn.

Ajá fúnra rẹ̀

Níbí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Àwa ènìyàn ní eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tó so èjìká wa mọ́ àyà nísàlẹ̀ ọrùn. Ajá kò ní irú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Iṣan ni ó gbé àyà rẹ̀ rọ̀ sáàárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, bí àpò tí wọ́n so kọ́ sáàárín òpó méjì. Nígbà tí ajá bá lajú, tó gbọ́ òórùn ehoro, iṣan yẹn á fà, ara á gbéra sókè. Nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, iṣan á dẹ̀, ara á sọ̀. Ajá kan náà, irin kan náà, táìsì kan náà: àárọ̀ lè sọ pé ó jáde, ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn eré kó sọ pé ó wọlé. Ẹ má rò pé ẹnìkan ló ṣe yín níkà.

Ìdúró tí wọ́n fẹ́ kò le láti ṣàpèjúwe. Orí sókè bí ti ajá tó ń fetí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fà á sókè. Ẹsẹ̀ iwájú dúró ṣánṣán, bí ẹ bá wò ó láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró ṣánṣán bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀yìn. Ohun tí àwọn kan máa ń ṣe ni pé wọ́n á ya ẹsẹ̀ iwájú síta. Ká ní ẹsẹ̀ láti ilẹ̀ dé ìgúnpá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18, tí ìkọ̀ọ̀kan sì yà síta ní 3: èrè tí wọ́n máa rí nínú rẹ̀ kò ju mìlímítà 2.5 lọ, adájọ́ tó lójú á sì rí i láti òkèèrè, á ní kí wọ́n tún ajá tò.

Kí ẹ tó gbé irin lé e, ẹ wá ibi gan-an. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì tẹ ẹ̀yìn ọrùn ajá bọ̀ wá sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi kan orí eegun èjìká méjèèjì, tí wọ́n dojú kọ ara wọn tí àlàfo díẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ni. Bí irin bá bọ́ síwájú sórí gbòǹgbò ọrùn, ajá á ga ju bó ti yẹ. Bó bá bọ́ sẹ́yìn sórí eegun ẹ̀yìn, ẹ ti fi owó ra ìtànjẹ fún ara yín. Ẹ lè fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kékeré síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ojú yín nílé, kí ẹ nù ún kúrò ṣáájú ìdíje.

Èékánná tó gùn máa ń ti ìka ẹsẹ̀ sókè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gé e ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, díẹ̀ díẹ̀, lọ́jọ́ mẹ́rin mẹ́rin, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ń sún sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń gé e. Ẹni tó bá gé gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje á mú ajá tó ń tiro lọ síwájú adájọ́.

Ìbẹ̀rù ló kù. Ajá tí kò rí irin rí á ká ara kò nígbà tí wọ́n bá gbé nǹkan kọjá lórí rẹ̀, tàbí kó fò sókè. Nínú méjèèjì, adájọ́ á ní kí ẹ tún un ṣe, ara yín á sì ti máa gbóná. Ìṣẹ́jú méjì lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá tó. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ fi irin sílẹ̀ lórí ilẹ̀, kí ẹ da ẹran gígé síbẹ̀. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀lé e, ẹ máa gbé e kọjá lókè rẹ̀ láìfi kàn án. Láti ọjọ́ karùn-ún, ẹ rọra gbé e kan èjìká, kí ẹ fún un lẹ́ran nígbà tí irin ṣì wà lára rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá gbé e kúrò. Bí ẹ bá ń fún un nígbà tí irin ti kúrò, kíkúrò irin ni ajá máa kọ́ láti fẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, kí àlejò tí ajá kò mọ̀ máa ṣe é. Lásìkò òtútù, ẹ fọwọ́ ra irin ìdábùú kó gbóná díẹ̀, torí irin tútù nìkan tó láti mú kí awọ ẹ̀yìn ajá gbọ̀n.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wẹ́dà ṣe é fún yín

Èyí tí kò ṣeé yí kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ lọ́wọ́ wẹ́dà tó mọṣẹ́. Irin onígun mẹ́rin mìlímítà 10 ni kí ó lò. Kí àlàfo inú láti ẹsẹ̀ kan dé èkejì jẹ́ ínṣì 9, kó má baà máa ha ìhà ajá. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni gígé ẹsẹ̀ sí gígùn gan-an kí wọ́n tó wẹ́dì. Iná máa ń fa oríkèé irin nígbà tó bá ń tutù, ẹsẹ̀ á yà tàbí kó ká wọlé. Kí ó fi mìlímítà 3 sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó wẹ́dì, kó jẹ́ kí irin tutù fúnra rẹ̀ láìda omi sí i, lẹ́yìn náà kó wá fi fáìlì rẹ́ ẹ dé ìwọ̀n. Láti mọ̀ pé igun rẹ̀ pé, ẹ wọ̀n láti igun inú lókè lọ́tùn-ún dé ìdí ẹsẹ̀ òsì nínú, kí ẹ sì wọn òdìkejì. Fún ti ínṣì 13, méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 15 àti 13/16. Fún ti ínṣì 15, ínṣì 17 àti ààbọ̀. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kun ọ̀dà sí ìdí ẹsẹ̀ tàbí abẹ́ irin ìdábùú, torí nípọn ọ̀dà náà wà nínú ìṣirò.

Kí káfíńtà gé igi líle méjì fún yín pẹ̀lú, ọ̀kan ínṣì 13, èkejì 15. Àwọn ni ẹ ó máa fi dán irin wò: ẹ gbé igi dúró lábẹ́ irin ìdábùú, bí ó bá wọlé pẹ̀lú ìfúnpá díẹ̀, tí ẹsẹ̀ méjèèjì sì balẹ̀, irin pé.

Bó bá jẹ́ ajá mìíràn lẹ ní

Wicket onísíkírù ló yẹ ẹni tó ní oríṣi ajá tó ju ẹyọ kan lọ. Jack Russell Terrier Club of America ń gba ajá tó ga ní ínṣì 10 sí 15, wọ́n sì ń pín wọn sí méjì ní ínṣì 12.5, èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 31.75, irin onínọ́ńbà méjì tí wọ́n ṣe fún Beagle kò ní wúlò níbẹ̀. Wọ́n tún ń fi ọwọ́ méjèèjì di ajá náà mú yíká lẹ́yìn èjìká láti mọ̀ bóyá àyà rẹ̀ lè gba inú ihò ilẹ̀ tí ẹranko tó ń lé ń sá sí. Ní ti Dachshund, ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, lábẹ́ òfin Jámánì, gíga kò jẹ́ nǹkankan. Àyà ni wọ́n ń fi téèpù wọ̀n yíká nígbà tí ajá bá ti pé oṣù 15, torí inú ihò ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni téèpù aṣọ ti gba nọ́ńbà kan tí a fún un.

Nítorí náà, ẹni tó ní Beagle kan tàbí méjì tó ti dàgbà: irin méjì tí wẹ́dà ṣe, igi méjì, páálí pílíwúùdù, kò nílò jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bí ọmọ ajá tà: kí ó fi ọ̀pá onílẹ́fẹ́ẹ̀lì kún un, kí ó sì máa fi ìwé àkọsílẹ̀ han oníbàárà. Ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje: wicket oníhò àti ìṣó, méjì, kí ọ̀kan lè wà nílẹ̀ bí èkejì bá tẹ̀. Ẹni tó bá sì yan èyí tó ní síkírù, kí ó fi igi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó bá dé pápá. Búùtù ọkọ̀ tó ń mì lójú títì máa ń tú síkírù náà.